Ẹ má so ẹsẹ̀ yín mọ́ ti ẹlòmíràn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí Appalachian Trail

Appalachian Trail ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tó gba orí òkè àti inú igbó kọjá ní Amẹ́ríkà. Láti òkè Springer ní Georgia dé òkè Katahdin ní Maine lé ní máìlì 2,190, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Ẹni tó fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan á lo bí oṣù márùn-ún sí méje. Béárì ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ alábàárìn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó pàdé ẹni tọ́rọ̀ yín wọ̀, ẹ ó jọ jẹun, á tiẹ̀ lè sọ yín lórúkọ ìnagijẹ tí gbogbo ọ̀nà á fi mọ̀ yín. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń rin máìlì 12 lójúmọ́, tí ara yín ò sì gbà ju méje lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èmi ò jẹ́ kí àwọn tí mo pàdé máa lọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo sáré tẹ̀ lé àwọn méjì sọ̀kalẹ̀ lórí Blood Mountain, òkè tó ga jù lójú ọ̀nà náà ní Georgia. Òkúta tutù, ó ń yọ̀. Ká tó dé Neel Gap nísàlẹ̀, orúnkún mi ọ̀tún ti wú débi pé ṣòkòtò há mọ́ ọn. Bíi máìlì 31 péré la tíì rìn. Ibẹ̀ ni mo ti wọkọ̀ padà sí Atlanta. Ọmọlúàbí làwọn méjèèjì. Wọn ì bá dẹsẹ̀ dúró ká ní mo sọ pé ó ń dùn mí. Mi ò la ẹnu.

Àwọn míì á pín ẹrù: ọ̀kan á gbé àgọ́, èkejì á gbé sítóòfù àti asẹ́ omi. Ẹrù á fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ṣáájú tí òjò sì dé, ẹnì kan á sùn síta.

Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀pà ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àjọjẹ dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn norovirus máa ń jà lójú ọ̀nà yìí, ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, sanitáísà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọwọ́, kó jìnnà sí odò tó ẹsẹ̀ bàtà 200. Tẹ́nì kan bá fẹ́ fún yín lẹ́pà, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kó dà á sí i.

Nínú ahéré tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹni tó ń sùn, ẹ má sì gbé oúnjẹ sùn: eku á kọ́kọ́ wá.

Ìwé kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò kọ nǹkan kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìnagijẹ yín, ọjọ́, àti ibi tẹ́ ẹ forí lé. Ọ̀rẹ́ yín tí orúnkún ń dùn á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á sì kà á.