Bí mo ṣe kó kúrò ní Ṣomólú lọ sí Abẹ́òkúta, àti owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n fẹ́ gbé jẹ

₦100,000 ni mo kà fún ejẹ́ǹtì lọ́jọ́ tí a gba ilé ní Ṣomólú. Wọ́n ní owó kọ́ṣọ̀n ni, pé bí a bá ba nǹkan jẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mú owó tún un ṣe. Bí a kò bá ba nǹkan jẹ́, a ó gbà á padà lọ́jọ́ tí a bá ń lọ. A kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọjọ́ tí a ń lọ pé, owó di àwátì. Ó dùn mí débi pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí Abẹ́òkúta ṣe rí, ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì yẹn ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ohun tó lé wa kúrò ní Èkó kò fara sin. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà bẹ́ńtírò kan fò láti nǹkan bíi ₦190 lọ sí ìtòsí ₦490 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí nǹkan tó dúró lójú kan mọ́. Bébà wọ́n, íńkì wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà onílé dé: yàrá kan àti pálọ̀ tí à ń san ₦450,000 fún lọ́dún ti di ₦900,000. Òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, kò sí nínú lẹ́tà.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tó bá mọ Ṣomólú mọ̀ pé olú ìlú àwa atẹ̀wé ni. Láti Bajulaiye títí dé apá Onípanu, o lè yọ iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kí o lu pléètì ní ilé kejì, kí o tẹ̀ ẹ́ lórí máṣíìnì Heidelberg ní ilé kẹta, kí agébébà gé e, kí oníbàárà sì gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gba fúríìdọ̀mù, ibẹ̀ ni mo sì ti sọ ara mi di ọ̀gá. Kò rọrùn fún mi láti fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì ni mo bí, owó iléèwé méjì ló ń pé lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti bàbá wọn jókòó, a ṣírò ó, a rí i pé bí a bá dúró, onílé nìkan la ó máa ṣiṣẹ́ fún.

Ilé wíwá, ẹrù dídì, ọkọ̀ gbígbà, ẹni tó ti kó ilé rí mọ bó ṣe ń lọ. Kí n ṣáà sọ pé awakọ̀ wa kò gba Sango, nítorí kòtò tó wà láti ibẹ̀ lọ sí Ìfọ̀. Ó gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé Ṣàgámù, ó yà sí ọ̀nà Síun àti Kọ́bàpẹ́. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n díńgí mi kò fọ́. Ilé oníyàrá méjì la gbà ní Ọbáńtoko, ₦350,000 lọ́dún, ó ní kànga, ó sì ní ààyè níwájú tí mo lè gbé máṣíìnì kékeré sí.

Ṣùgbọ́n Ṣomólú ni ìjà wà.

Owó ilé kò tíì pé rárá tí mo ti kọ lẹ́tà sí onílé pé a ń lọ. Ejẹ́ǹtì wá wo ilé. Ó tan iná yàrá, ó pa á, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó wo inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fọwọ́ ra ògiri pálọ̀. Ó ní ilé mọ́. Mo ní, “Owó kọ́ṣọ̀n wa ńkọ́, sà?” Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà kó ẹrù yín, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé, owó á ti wọ àkáǹtì yín.” Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé kọjá. Mo pè é, ó ní onílé ti ní kí wọ́n fi owó náà kun ilé. Kun ilé kẹ̀? Àwa la kun ilé yẹn nígbà tí a wọlé! Ògiri tí èéfín sítóòfù ẹni tó ṣáájú wa ti sọ di dúdú, ọkọ mi ló fi pépà ha á kó tó lè gba pẹ́ńtì. Rìsíìtì pẹ́ńtì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó yí ohùn padà, ó ní gbèsè iná wà lórí ilé. Mítà alásansílẹ̀ là ń lò. Ẹni tó ń ra káàdì kí iná tó tàn, gbèsè wo ló fẹ́ jẹ? Mo tún fi fọ́tò mítà ránṣẹ́. Ó ní onílé ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, pé òun kò lè fọwọ́ kan owó olówó lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mi mọ́.

Mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Laderin ní Abẹ́òkúta, mo sọ̀ ní Alágómejì ní Èkó, mo gba ilé yẹn lọ tààrà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn. Garawa pẹ́ńtì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, bùrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́ńtì funfun ti ta sí i nírun. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í pé ta ló ra pẹ́ńtì. Ó ní, “Èmi ni, mà. Wọ́n ní bí mo bá ń dúró dè wọ́n, yóò pẹ́.” Mo bi í bóyá ó san kọ́ṣọ̀n. Ó ní ₦200,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun. Ara mi gbóná. Owó tí wọ́n ní àwọn fi kun ilé, kò ra bùrọ́ọ̀ṣì kan.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí n mú ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán, n kò sì fẹ́ kí wọ́n tún gba tọwọ́ mi níbẹ̀. Lọ́yà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Ó ní Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ ọ́ ní abala 10 pé onílé tàbí ejẹ́ǹtì tó bá gba irú owó yìí gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Ṣomólú. Gbogbo ọdún tí a fi gbé ibẹ̀, a kò rí àkọsílẹ̀ kankan gbà.

Lọ́yà náà ló júwe ibùdó ìlàjà ìjọba fún mi, Citizens’ Mediation Centre, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti 1999 ló ti wà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Mo kó gbogbo ìwé mi dání: àgíríméǹtì, rìsíìtì owó ilé, rìsíìtì kọ́ṣọ̀n, fọ́tò mítà, ọ̀rọ̀ tí èmi àti ejẹ́ǹtì bá ara wa sọ lórí WhatsApp. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi, wọ́n kọ lẹ́tà ìpè sí onílé àti ejẹ́ǹtì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò yọjú, mo sì ti wá láti Abẹ́òkúta. Mo bínú débi pé omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Wọ́n tún kọ lẹ́tà.

Nígbà tí wọ́n wá, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bàbá onílé kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan. Bàbá ní owó kọ́ṣọ̀n kò dé ọwọ́ òun rí láti ọjọ́ tí a ti wọlé, ejẹ́ǹtì kò sì jíṣẹ́ kankan fún òun pé mò ń béèrè nǹkan. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú.” Onílàjà bi ejẹ́ǹtì pé níbo ni owó wà. Ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i: ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fi san án. Ó san án pé. Mo gba ₦100,000 mi láìfi náírà kan sílẹ̀, inú mi sì dùn pé n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wò mí. Owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, kò sí ẹni tó dá ìyẹn padà, ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Abẹ́òkúta ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé. Bàbá wọn kì í jí ní agogo mẹ́rin àárọ̀ mọ́ nítorí gò-sílóò. Oúnjẹ ọjà Kútọ̀ sàn fún àpò mi ju ti Èkó lọ, láfún àwọn Ẹ̀gbá sì ti di oúnjẹ ilé wa. Oorun tí mò ń sùn níbí, n kò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan yín: ọwọ́ tí ìlú kékeré fi fúnni lówó ilé, ó lè fi gbà á níbi iṣẹ́. Oníbàárà tó ń tẹ 300 káàdì ní Èkó, 50 ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè níbí, á sì ná an títí ojú yóò fi pọ́n ọ. Iṣẹ́ tó bá lágbára, mo ṣì ní láti fi ránṣẹ́ sí Ṣomólú, kí n fi iye kún owó rẹ̀, kí n sì máa gbàdúrà kí awakọ̀ má jẹ́ kí òjò pa á. Ohun tó gbé mi ró ni ìwé iṣẹ́ àṣeparí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUNAAB àti ti Pólì Moshood Abiola. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́. Kànga wa náà máa ń lọ sílẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, a sì ń ra omi. Ẹni tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń ti Èkó wá, kó tètè máa bọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi, kó má ṣe já okùn tó so ó mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò ní ilé Èkó, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání títí owó yín yóò fi wọlé. Ẹ gba fídíò ilé lójú ejẹ́ǹtì, kí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ níbi tó ti ń sọ pé ilé mọ́. Ẹ wá nọ́ńbà onílé fúnra rẹ̀. Ká ní mo ní nọ́ńbà bàbá yẹn lọ́wọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí ju ìpè kan lọ.

Nígbà tí owó ilé Ọbáńtoko tún pé, àkáǹtì onílé ni mo san án sí. Ejẹ́ǹtì ibẹ̀ fajú ro, ó ní kì í ṣe bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn.