Bí a ṣe ń wọn agbára pọ́ǹpù epo Volkswagen Ìjàpá

Tí Ìjàpá bá ń jẹ epo jù, tí òórùn bẹntiróòlù ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tó ń kú lórí òkè, kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ tú. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo ná. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Èkó, wọn kò sì tò ó mọ́; èyí tó ṣẹ́ kù lójú títì kò yẹ kí a máa tú kabúrétọ̀ rẹ̀ lásán.

Ẹ wá géèjì tí kò ju 10 PSI lọ (PSI ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń ti epo tàbí afẹ́fẹ́; géèjì táyà kò wúlò níbí, 3 PSI kò lè hàn dáadáa lójú rẹ̀), ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, rọ́bà epo tuntun, kílíìpù àti sípánà 13. Kí ọkọ̀ wà níta gbangba, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ohun ìpaná wà nítòsí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu sìgá níbẹ̀.

Ẹ tú rọ́bà tó ti ara pọ́ǹpù lọ sí kabúrétọ̀, kí ẹ fi ìsopọ̀ náà sí àárín, kí géèjì wà lẹ́nu kẹta. Ẹ di gbogbo rẹ̀ ní kílíìpù, kó má sì kan bẹ́líìtì.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ di páìpù idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀ mú, kí ẹ yí i wò. Tó bá ń yí, tàbí tó bá yọ sí yín lọ́wọ́, ọkọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ rìn títí ẹ ó fi tún un ṣe. Lójú eré ló máa já, epo á dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná àti dísítíríbútọ̀ tó ń ṣáná. Ìjàpá tó ti jóná báyìí kò kéré.

Ẹ wá ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ wo géèjì láìtẹ tọ́tù, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́. Nǹkan bíi 3 PSI ló dára. Bí kò bá tó 2, ó kéré. Bó bá ju 5 lọ, ó ti pọ̀ jù.

Tó bá kéré, ẹ ṣí ìdérí táǹkì kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí géèjì bá gòkè, ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì ló dí. Bí kò bá gòkè, ẹ wo fílítà, lẹ́yìn náà rọ́bà tó ti táǹkì wá. Rọ́bà yìí lè sán kí ó má sì jò rárá, nítorí afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà gba ibẹ̀ dípò epo.

Èyí tó pọ̀ jù ló burú jù, ó sì wọ́pọ̀ lára pọ́ǹpù tuntun tí kì í ṣe ojúlówó. Abẹ́rẹ́ tó ń dí ẹnu ọ̀nà epo nínú kabúrétọ̀ kò ní lè dá epo dúró mọ́; epo á kún, á ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì, á sì da pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bẹntiróòlù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ọkọ̀ tó rìn.

Láti dín agbára pọ́ǹpù kù, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, kí ẹ gbé pọ́ǹpù kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan ike tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí bó bá kúrò, ọ̀pá kékeré tó ń ti pọ́ǹpù lè já sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ rọra yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ títí ọ̀pá yẹn fi yọ dé ibi gíga jù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti orí gásíkẹ́ẹ̀tì: 13 mìlímítà ni. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì kún un, kí ẹ dá pọ́ǹpù padà, kí ẹ tún wo géèjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pọ́ǹpù oníná tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tí kì í lo kabúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Irú èyí lè ti epo tó 40 PSI.

Tí géèjì bá ti tọ́, ẹ yọ ìsopọ̀, ẹ dá rọ́bà padà, kí ẹ di kílíìpù. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò bóyá epo mú àkísà náà tutù.