Ẹ wá ojúùrán kí ẹ tó la ẹnu

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń kọ́ Dutch, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ gbọọrọ, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ kí ẹ tó pè é. Ẹ wo dijkramp. Tí ẹ bá gé e sí dijk-ramp, àjálù odi tó ń dí omi ni. Tí ẹ bá gé e sí dij-kramp, pajápajá itan ni! Lẹ́tà kan ò yí padà.

Ó pẹ́ tí mo fi ń pe huisarts, dókítà àdúgbò, ní "hui-sarts". Ẹnu Yorùbá ló fà á: àwa tí a sọ "gbé ọmọ" di "gbọ́mọ", lílẹ ọ̀rọ̀ mọ́ra ti wọ̀ wá lẹ́wù. Huis-arts ni, ẹ jẹ́ kí huis parí ná.

Avondeten, oúnjẹ alẹ́, náà nìyẹn: avond-eten. Bí t ni ẹ ó ṣe pe d ìparí avond yẹn. Apá àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹ ohùn mọ́ jù, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. N tó ṣáájú k nínú pannenkoek, páńkéèkì, ńkọ́? Wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Dutch kì í pè é.