Bí a ṣe ń yan pákó fún kọ́bọ́ọ̀dù inú mọ́tò-ilé

Kọ́bọ́ọ̀dù inú ilé kì í kúrò lójú kan. Ti inú mọ́tò-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń wà kiri tí a sì ń sùn sí, a máa gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ń yí, ọ̀rinmi a sì máa gba ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ìwúwo kí ẹ tó wo ẹwà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìwakọ̀ B, ìyẹn ti ọkọ̀ kéékèèké, kì í sábà gba ọkọ̀ tó bá ju 3,500 kìlógíráàmù lọ, tòun ti èrò, omi àti ẹrù inú rẹ̀, kíá sì ni àpótí àti àga á jẹ ìwúwo yẹn tán.

Ẹ mú pákó olójú gbọọrọ tó jẹ́ mítà 2.44 sí 1.22. Tó bá jẹ́ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lúbúlúbú àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, tó nípọn tó mìlímítà 18, yóò wúwo tó nǹkan bí 40 kìlógíráàmù. Pláìwúùdù igi birch oní-mìlímítà 15 yóò tó nǹkan bí 30, ṣùgbọ́n ti igi poplar oní-15 kò ní ju nǹkan bí 20 lọ. Poplar ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi ṣe ara kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ fi birch sí ibi tí ẹrù wíwúwo yóò jókòó lé, nítorí ó ń di ìṣó onírìn-yíyí (skrúù) mú gírígírí. Pákó tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀ kò yẹ rárá: bí omi bá kàn án, yóò wú, ìgbọ̀n-rìrì ọ̀nà yóò sì tú ìṣó inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má fojú fo gúlúù inú pákó. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn tí ilé wọn bàjẹ́ sínú ilé alágbèérìn. Nígbà tí CDC, àjọ tó ń mójú tó ìlera ará ìlú níbẹ̀, wọn afẹ́fẹ́ inú àwọn ilé náà, wọ́n rí i pé formaldehyde, afẹ́fẹ́ olóró tí gúlúù pákó wà lára ohun tó ń tú u jáde, pọ̀ ju ti inú ilé lásán lọ. Inú mọ́tò kéré, ènìyàn sì ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra pákó ní Amẹ́ríkà, ẹ wá àmì TSCA Title VI lára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé formaldehyde tó ń tú jáde kò kọjá ìwọ̀n tí òfin ibẹ̀ gbà.

Nígbà tí ẹ bá ń kàn án, ẹ fi gúlúù àti ìṣó onírìn-yíyí pọ̀ ní gbogbo oríkèé, kí ẹ fi fáníìṣì bo gbogbo etí tí ẹ gé, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ẹ de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ egungun irin ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ awọ ògiri nìkan, kí ẹ sì fi ìkọ́ tó ń há fúnra rẹ̀ sí ilẹ̀kùn, kí àwo má baà já lu ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì.