Áńbúláǹsì tí mo rà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́: owó ẹ̀ kọ́ ló bí mi nínú jù, ìwé ẹ̀ ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò áńbúláǹsì tòkúnbọ̀ lórí WhatsApp, tí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ń dán gbinrin nínú ẹ̀, tí sílíńdà ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ṣé gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn ló ń bá mọ́tò bọ̀. Èmi bi í o. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn náà lẹ máa gbà á. Mo dé Èkó, a ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, inú mọ́tò ṣófo! Bẹ́ẹ̀dì ò sí, sílíńdà ò sí, irin tí wọ́n ń fi dírípù kọ́ nìkan ló kù, torí kò ṣeé tú ni. Ọkùnrin yìí wá ní àwọn òyìnbó ló tú u kó tó kúrò ní Jámánì. Mo mọ̀ pé wọ́n sábà máa ń yọ irinṣẹ́ kí wọ́n tó ta irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ ńkọ́? Kò ní èsì. Ẹ tún wá gbọ́, ó ní òun ní bẹ́ẹ̀dì kan nílẹ̀ tí òun lè tà fún mi lọ́tọ̀.

Mo já owó bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú iye tá a jọ sọ, ó pariwo títí ó rẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe sanwó, bí mẹkáníìkì mi ṣe yẹ ẹ́ńjìnnì wò, bá a ṣe wo ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù, ẹni tó bá ti ra tòkúnbọ̀ rí mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní fi gba àkókò yín. Volkswagen Transporter ni, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ìdí tí mo fi rà á rèé. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó rìtaya, Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mò ń gbé, mo dá ibì kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní fáásì éèdì, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ọlọ́kadà, awakọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọbajánà, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì wà, sí Kàbà á mọ ìdí ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe kìlómítà 43 yẹn, ojú ọ̀nà dán, gbogbo wọn dẹ̀ ń fò lórí ẹ̀, tìrélà símẹ́ǹtì ń fò, ọ̀kadà náà ń fò. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó máa kọ́kọ́ débẹ̀ kì í ṣe dókítà, àwọn tó ń ta iṣu létí títì ni, wọ́n á fa ẹni tó ṣèṣe lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n á bu omi sí i lẹ́nu nígbà tí kò mọ ibi tó wà, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò gàrí, ẹni tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ tí ì bá yè á wá kú sí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e ni mo fẹ́ kọ́ wọn, ó dẹ̀ ti sú mi kí n máa to bẹ́ǹṣì kíláàsì pọ̀ kí n máa pè é ní mọ́tò. Mọ́tò gidi ni mo fẹ́, tá a lè wà lọ sọ́jà, lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí orúkọ wa á hàn gàgàrà lára ẹ̀ káyé lè mọ̀ pé a wà.

Àtiwà á wálé láti Èkó gan-an ti tó ìtàn. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wa dúró, títí a fi kọjá Ọ̀mùò tá a wọ Ìyàmoyè, ìbéèrè kan náà ni: òkú ta lẹ gbé? Ọlọ́pàá kan yọjú sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ó ní, "Áà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ gbé e ni, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o." Dẹ́rẹ́bà mi ní kí n má ṣàlàyé, kí n ṣáà ṣe àmín.

Wàyí o, ìwé. Ibí yìí ni wọ́n ti fẹ́ sọ mí di wèrè.

Mo gbé ìwé mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wò ó, ó wò mí, ó ní, "Màmá, ilé ìwòsàn yín dà?" Mo ní mi ò ní ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ní, ìwé CAC tá a fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba rèé. Ó ní áńbúláǹsì ló wà nínú ìwé yìí, áńbúláǹsì dẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilé ìwòsàn tó ni ín. Mo ní mi ò ní gbé aláìsàn kankan. Ó ní kí wá ni mo fẹ́ fi áńbúláǹsì ṣe? Mo ṣàlàyé látòkè délẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, ó ní kí n lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera.

Mo lọ Lọ́kọ́ja. Obìnrin tó dá mi lóhùn lọ́hùn-ún ṣe ọmọlúàbí sí mi, ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó wá sọ pé mọ́tò tó ń gbé aláìsàn làwọn máa ń kọ lẹ́tà fún, èyí tí kì í gbé aláìsàn ò kan àwọn. Mo ní ó dáa, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé kò kàn yín. Ó ní àwọn kì í kọ lẹ́tà lórí ohun tí ò kan àwọn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín àbí kí n sunkún.

Àwọn oníínṣọ́ráǹsì náà dá tiwọn sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti oṣù kìíní 2023 ni third party, ínṣọ́ráǹsì tó ń sanwó ohun tí mọ́tò ẹni bá bà jẹ́ fún ẹlòmíì, ti mọ́tò àdáni ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òun ò lè kọ ọ́ sí àdáni torí áńbúláǹsì ni, òun ò dẹ̀ lè kọ ọ́ sí mọ́tò tó ń ṣòwò torí kò ní gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní ìsọ̀rí àkànṣe ló máa bọ́ sí, ₦20,000. Mo ní kọ ọ́ jàre. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá rí nọ́ńbà mọ́tò. Àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà ní àwọn fẹ́ rí ínṣọ́ráǹsì. Gbogbo wọn dẹ̀ ń pè mí ní Màmá o, wọn ò rí mi fín, wọ́n kàn ń jù mí síra wọn ni.

Mọ́tò wà nínú ọgbà mi ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹnì kan wá láti Bùnú, òkú bàbá ẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì, ó ní iye tí mo bá pè lòun máa san. Ìyàwó aládùúgbò mi bẹ̀ mí kí n ju tapólì bò ó, ọmọ òun ò lè sùn. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ọkùnrin tó kanlẹ̀kùn lóru pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó òun. Mọ́tò mi kékeré ni mo fi gbé obìnrin yẹn, ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàtà ni mo wọ̀ tán tí ọkọ yẹn ṣì ń bi mí kí ló dé tá ò gbé ńlá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un, pé irin dírípù nìkan ló wà nínú ẹ̀? Mọ́tò tí ò ní bẹ́ẹ̀dì, tí ò ní ọ́síjìn, táwọn èèyàn ń sá tọ̀ torí ohun tí wọ́n rí lára ẹ̀, ewu ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo pe píntà.

Píntà yẹn mọ iṣẹ́, ẹnu ẹ̀ ló pọ̀. Ó ní òun máa ya àgbélébùú pupa ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, láìsí ẹ̀ kò lè jọ ti ìlera. Mo ní o ò gbọdọ̀! Gbogbo kẹ́mísì tó wà ládùúgbò wa ló ń yà á, àmì yẹn dẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo wa. Àdéhùn Geneva ti 1864 ló fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ṣèṣe lójú ogun, Red Cross ló ń lò ó, Nàìjíríà náà sì ti ní òfin tó dáàbò bò ó láti 1960. Ìràwọ̀ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní kó yà, èyí tó ní ọ̀pá tí ejò wé mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1973 torí àgbélébùú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti jọ ti Red Cross jù. Ìyá ìjọ wa kan rí i, ó ní nọ́ọ̀sì, ejò kí nìyẹn lára mọ́tò ẹ? Mo ní kí wọ́n lọ ka Númérì orí 21, wọn ò tíì padà wá.

Píntà ha gbogbo ọ̀rọ̀ Jámánì kúrò, ó fẹ́ ha 112 mọ́ ọn ni mo pariwo. 112 ni wọ́n ń pè ní Jámánì tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, òun náà là ń pè ní Nàìjíríà, wọ́n ti bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́! Mo ní kó fi 122 ti Road Safety sí abẹ́ ẹ̀. Rewáyà ti já wáyà sàírìnì àti iná tó ń yí lókè, torí òfin ò gbà fún mọ́tò tiwa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì a wá kọ ọ́ gàdàgbà: MỌ́TÒ ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́, KÌ Í GBÉ ALÁÌSÀN, KÌ Í GBÉ ÒKÚ.

Mo yà á ní fọ́tò, mo padà síbi láísẹ́ǹsì. Ọ̀gá ọjọ́sí ò sí níjòókòó, ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó wo fọ́tò, ó kí mi, "Ọ̀kun o, Màmá. Ṣé ẹ máa gbé aláìsàn nínú ẹ̀?" Mo ní rárá. "Sàírìnì ńkọ́?" Mo ní a ti já a. Ó ní, "Ó dáa, bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ ti yí ìlò ẹ̀ àti àwọ̀ ẹ̀ padà, ẹ fi ìwé CAC mọ́ ọn." Ó tán! Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ kìíní! Ó tiẹ̀ pe ọmọ ínṣọ́ráǹsì yẹn lórí fóònù fún mi, wọ́n fi nọ́ńbà ṣásíì kọ ọ́, mo gba nọ́ńbà mọ́tò, mo jókòó sínú ẹ̀, mo kọrin.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, píntà ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó gbé ìwé lọ síbì kankan, kó má jẹ́ kí wọ́n rí áńbúláǹsì rárá. Kó dẹ̀ fowó bẹ́ẹ̀dì pamọ́, torí tèmi tí mo padà rà lọ́wọ́ ẹlòmíì wọ́n ju iye tí mo já lọ.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ wà á lọ sí ilé ìwé, àwọn ọmọ náà ò wọlé. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní mọ́tò òkú ni. Mo dùbúlẹ̀ fúnra mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní ẹ wá gbé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá. Kó tó di pé wọ́n jáde, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń di orí mú kí ọrùn má yí, wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ lóko wọn ò gbọdọ̀ gé ojú ibẹ̀ tàbí kí wọ́n fi okùn dì í pinpin, wọ́n dẹ̀ ti tẹ àyà ọmọláńgidi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, ìgbà 30 kí wọ́n tó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ó yá tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó gbọ́ ti ní ká wá sí Mọ̀pà. Ìsánlú náà ń pè, ó kù sọ́wọ́ owó dísẹ́ẹ̀lì. Láísẹ́ǹsì á tún tán lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo ìwé yẹn sílẹ̀, mo dẹ̀ ti gba nọ́ńbà fóònù ọmọbìnrin yẹn.