Ẹ máà dín iye ọmọ inú kíláàsì kù kẹ́ ẹ wá fi ẹrù tíṣà èdè sílẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó burú jù nínú àṣìṣe táwọn aláṣẹ iléèwé máa ń ṣe ni pé wọ́n á dín iye ọmọ inú kíláàsì kù, wọ́n á wá tún fi kíláàsì mí ì lé tíṣà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tíṣà tó ní kíláàsì 5, ọmọ 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ 150 nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di 25, ẹ fún un ní kíláàsì 6, 150 náà ṣì ni! Kí lẹ wá dín kù? Tó bá sì fún wọn ní àròkọ ẹyọ kan péré, tó ń fi ìṣẹ́jú 10 ka tọmọ kọ̀ọ̀kan, wákàtí 25 ló máa gbà á, lẹ́yìn tó ti kọ́ gbogbo kíláàsì tán o. Ìdí nìyẹn tí àwọn tíṣà kan fi ń sá fún àròkọ, ìdánwò tí ọmọ á kàn mú A, B, C tàbí D ni wọ́n ń fún wọn, ìmẹ́lẹ́ kọ́, agbára wọn ò ká a ni. Ọmọ tí ò sì kọ nǹkan kan, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ?

NCTE, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì l'Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí kíláàsì má ju 20 lọ, kí gbogbo ọmọ tó wà lọ́rùn tíṣà kan má sì ju 80 lọ. Ẹ má mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀, torí tó bá jẹ́ 80, àròkọ yẹn ò ní gbà ju wákàtí 13 àti ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹ má sì gbára lé áfẹ́réèjì. Wọ́n á pín gbogbo ọmọ sí gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan àwọn tí kì í wọ kíláàsì rárá, ìwé á ní ọmọ 15 ló kan tíṣà kan, ẹ wá wọlé, ẹ bá 32.

Ẹ má kánjú náà o. Ní California lọ́dún 1996, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye ọmọ inú kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kù láti nǹkan bí 30 sí 20, àmọ́ tíṣà tó kúnjú òṣùwọ̀n ò tó, ni wọ́n bá ń gba àwọn tí ò tí ì níwèé-ẹ̀rí, iléèwé àwọn ọmọ tálákà ló sì jẹ̀yà ẹ̀ jù. Ẹ wá tíṣà àti yàrá ṣáájú.

Àkókò tó bá wá ṣẹ́ kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mítìn kún un. Ẹ jẹ́ kí tíṣà fi jókòó ti ọmọ, kí wọ́n jọ wo ibi tí àròkọ ẹ̀ ti dàrú, kọ́mọ náà tó lọ tún un kọ.