Wọ́n ní yìnyín ń pọ̀ sí i? Bí ẹ ṣe máa fi rékọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wò fúnra yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlẹṣà fọ́wáàdì mẹ́sééjì kan sí grúùpù mọ̀lẹ́bí wa lórí WhatsApp, wọ́n ní irọ́ gbuu ni pé ayé ń gbóná, yìnyín ń pọ̀ sí i ni, snóò tiẹ̀ bọ́ ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ àbúrò ìyàwó mi ti gbé tiẹ̀ náà jáde, òun ní yìnyín ayé máa tó tán pátápátá. Wọ́n fà á títí di ọ̀sán, ẹnì kankan nínú wọn ò ṣí rékọ́ọ̀dù kan wò. Ó dùn mí gan-an ni, torí rékọ́ọ̀dù yìí wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, fóònù mi àti dátà díẹ̀ ni mo fi ń wò ó níbí n'Ífẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bi ìbéèrè o, ẹ bi í dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ bi í lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: yìnyín wo? Èdè wa ò pín in sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí wa mú. Èyí tó ń já lu páànù pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ, yìnyín ni. Snóò tó ń bọ́ lókè òkun, yìnyín ni. Omi òkun tó dì ní Arctic, ní ìkángun àríwá ayé, yìnyín náà ni, èyí tó wà lórí òkè Kilimanjaro ní Tanzania náà, yìnyín ni. Àmọ́ rékọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní o, wọn ò sì jọ ń rìn pọ̀. Ti Kilimanjaro ti dín ní ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 láti 1912. Yìnyín orí òkun tó yí Antarctica ká, ní ìkángun gúúsù ayé ńkọ́? Ó ń pọ̀ ní tiẹ̀ títí dé 2014, ó lé ní 20 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin lọ́dún yẹn, kó tó wá já wálẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní oṣù kejì 2023 ó kéré ju gbogbo èyí tí sátẹ́láìtì ti rí rí lọ. Ẹni tó bá gé gíráàfù ẹ̀ dúró ní 2014 á ní yìnyín ń pọ̀, kò sì parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Nítorí náà ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun tí mẹ́sééjì yẹn sọ sínú ìlà kan: níbo, láti ìgbà wo dé ìgbà wo, kí ni wọ́n wọ̀n, ta ló wọ̀n ọ́. Èyí tí ò bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dá a padà fún ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti Sàhárà yẹn ṣe é. Òótọ́ ni, snóò bọ́ ní Ain Sefra ní Algeria ní 1979, ó tún bọ́ ní 2016 àti 2018. Àmọ́ orí ilẹ̀ gíga ni ìlú yẹn wà, ó lé ní 1,000 mítà, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré nígbà òtútù, ìlú kan ni, ọjọ́ díẹ̀ ni. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bákan náà ni James Inhofe, sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe gbé bọ́ọ̀lù snóò wọ ilé ìgbìmọ̀ ní oṣù kejì 2015 láti fi hàn pé ayé ò gbóná, ọdún 2015 yẹn gan-an ló wá gbóná jù nínú rékọ́ọ̀dù àgbáyé títí dìgbà náà.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ lọ síbi tí nọ́ńbà wà. Ti ooru àgbáyé, ẹ lọ sọ́dọ̀ NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òfuurufú, tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 1880, ti Met Office, àjọ ojú ọjọ́ ní England, bẹ̀rẹ̀ láti 1850. Ti yìnyín orí òkun, ẹ wá NSIDC, ibùdó àkọsílẹ̀ snóò àti yìnyín ní Amẹ́ríkà, láti 1979 ni tiwọn pé ojú ìwọ̀n. Snóò orí ilẹ̀, Yunifásítì Rutgers ń kà á láti ọdún 1966, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé nígbà òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ó ti dín gidi, ẹ̀yin náà rí i pé ẹni tó bá fẹ́ tàn yín, oṣù tó wù ú ló máa mú. Ẹ da nọ́ńbà yẹn sínú Google Sheets, ẹ ya gíráàfù, kí ẹ sì ṣe ìpíndọ́gba ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, torí ọdún kan ṣoṣo máa ń fò sókè já wálẹ̀. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1998 kí ẹ dúró ní 2012, ẹ máa rí i pé ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, nítorí 1998 jẹ́ ọdún El Niño ńlá, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì gbóná ju bó ṣe máa ń rí lọ, tó sì gbé ooru ayé sókè fúngbà díẹ̀. Ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀ láti 1880 dé 2024. Ẹ ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún yín.

Ẹ kíyè sí ohun kan o, kó má da ọkàn yín rú: NASA máa ń fi ìpíndọ́gba 1951 sí 1980 ṣe òdo wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, àwọn míì ń fi 1850 sí 1900 ṣe tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan náà fi máa ń ní nọ́ńbà méjì, kì í ṣe pé ẹnì kan ń parọ́. Tí wọ́n bá fi 1850 sí 1900 wọ̀n ọ́n, 2024 fi bíi dígíríì 1.55 lórí ìwọ̀n Celsius gbóná jù ú lọ.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jù lójú tèmi ni àwòrán odò Thames ní London tó dì gbagidi, tí wọ́n ń tajà lórí ẹ̀ bíi Ọjà Atákúmọ̀sà, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ayé tutù nígbà yẹn ni, ó kàn ń padà sípò ni. Wọ́n ná ọjà lórí odò yẹn lóòótọ́, 1814 lèyí tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn England ní rékọ́ọ̀dù tẹ̀mómítà láti 1659, kò sí èyí tó pẹ́ tó o láyé, ẹ ṣí i. Ìgbà òtútù 1683 sí 1684 ló tutù jù, ó bá àwòrán mu. Ẹ sún dé ìgbà òtútù 1962 sí 1963, òun náà wà lára àwọn tó tutù jù, síbẹ̀ Thames ò dì láàárín London. Afárá wà lára ohun tó fà á. London Bridge, afárá àtijọ́ tó wà lórí odò náà, ní òpó ńláńlá tó há omi mọ́, omi ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ bí èyí tó wà lẹ́yìn dáàmù níbí lọ́gbà OAU, omi tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló sì ń tètè dì. 1831 ni wọ́n ṣí tuntun, wọ́n wó ti àtijọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Odò kan pẹ̀lú afárá ẹ̀ ò lè sọ ìtàn ooru ayé fún wa, ẹni yòówù tó bá gbé e jáde.

Àbúrò ìyàwó mi náà ò bọ́ níbẹ̀ o. Ní 2009 Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, tún ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kan sọ, pé ó ṣeé ṣe gan-an kí yìnyín orí òkun Arctic tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín ọdún 5 sí 7. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré jù ni ti oṣù kẹsàn-án 2012, bíi 3.4 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin, títí di 2024 kò sì sí ọdún tó tún wálẹ̀ tó ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi má tíì yọ̀, torí ní àwọn ọdún 1980 bíi 7 mílíọ̀nù ló máa ń jẹ́ lásìkò yẹn. Ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju Nàìjíríà méje lọ nígbà yẹn, 2012 ò pé Nàìjíríà mẹ́rin. Ọdún 18 láti 2007 dé 2024, àwọn ló kéré jù nínú gbogbo rékọ́ọ̀dù sátẹ́láìtì títí di 2024.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Richard Muller, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà. Ó ṣiyèméjì, ó ní bóyá ooru ìlú ńlá tàbí bí wọ́n ṣe tò ó ló ń gbé nọ́ńbà sókè. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kó rékọ́ọ̀dù jọ, òun àti àwọn èèyàn ẹ̀ tún un ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà tó di 2012 ó jáde sọ ọ́ ní gbangba pé òótọ́ ni ooru ń pọ̀, àti pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní ti òkè òkun ti yé àwọn, ti Ìlẹṣà ńkọ́? Mo ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, fún ti agbègbè wa, ọgbọ̀n ọdún ó kéré tán, kí wọ́n sì ra ike tí wọ́n fi ń wọn òjò, kí wọ́n gbé e sí gbangba, jìnnà sí òrùlé àti igi, kí wọ́n máa kà á ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ojoojúmọ́. Wọ́n ti fi okùn so ìwé àkọsílẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sítóò kòkó wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀ báyìí.